Ọkọ̀ Tí Kò Rì

Agboolé wa,
Bẹ́yẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí ọkàn mi balẹ̀,

Lẹ́tà rẹ dé ní Ọjọ́bọ̀. Awakọ̀ tí o fi í rán láti gáréèjì kò mọ ilé wa. Ó ń béèrè ilé Ìyá Tíṣà káàkiri Ọjà'ba, nígbà tó sì fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ìdajì àdúgbò ti mọ̀ pé ọmọ mi kọ̀wé. Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó, mo tún un kà. Pé wọ́n ti gbà ọ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò l'Ékòó. Pé ìwọ ni yóò máa ṣa ìròyìn àárọ̀ jọ, ti ilẹ̀ wa àti ti òkèèrè, ti òṣèlú, ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ti ọrọ̀ ajé. Pé wàá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wàá sì kà á fún aráyé kí wọ́n tó jáde nílé. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Bàbá rẹ kàn wọ bàtà, wọ́n lọ ra bátìrì tuntun sí rédíò.

O béèrè ohun kan ní ìparí lẹ́tà náà: báwo ni èèyàn ṣe lè kó gbogbo ayé sínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. N kò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi. N kò ṣiṣẹ́ rédíò rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo ṣe irú iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa yìí, mo sì ṣe é débi tí ó fi pa èèyàn lára. N kò sọ ọ́ fún ìwọ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ rí. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí. Fara balẹ̀ kà á, lẹ́tà yìí yóò gùn.

Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí, ojú bàbá tó bí bàbá rẹ ti ń di bàìbàì. Bàbá Àgbà ti ṣe akọ̀wé nílé ìtajà kan ní Gbági nígbà tí agbára wà, ìwé ìròyìn sì ti di oúnjẹ fún wọn. Nígbà tí ojú kò ríran kà á mọ́, wọ́n ṣì ń rà á lójoojúmọ́. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á máa fọwọ́ pa á. Àánú wọn ṣe mí. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ dé, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á."

Wọ́n ní, "Bí o bá máa kà á, ìyàwó, kà á ní Yorùbá, kí ìyá Síkírù náà lè gbọ́."

Ìyá Síkírù ni aládùúgbò wa, ilé wọn fi ògiri ti tiwa. Òwú àti abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà lábẹ́ àtíbàbà ní ẹ̀bá títì. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá sí fún wọn, Síkírù, òun náà sì wà lójú òkun, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó kòkó lọ sí ìlú òyìnbó. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Sẹ́ńtì Mátà. Gbogbo wa la mọ orúkọ yẹn, nítorí Síkírù fi fọ́tò ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sílé, ìyá rẹ̀ sì gbé e kọ́ ara ògiri. Ìyàwó Síkírù ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ gbé. Rámátù lorúkọ rẹ̀. Ìwọ mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ni o ń pè ní Màmá Wàsíù.

Láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa di ibi ìpàdé. Bí aago mẹ́rin bá ti ń sún mọ́, àwọn èèyàn á ti máa gbé àpótí ìjókòó wọn bọ̀. N ó ka ti ilẹ̀ wa ṣáájú, n ó wá bọ́ sí ti òkèèrè: ìlú tó ń bá ìlú jà, olórí tó gorí àlééfà àti èyí tí wọ́n lé kúrò, oògùn tuntun tí àwọn oníṣègùn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, bí kòkó ṣe ń tà lọ́jà àgbáyé. Wọ́n sọ mí ní Ìyàwó Oníròyìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, orúkọ náà sì ń pa mí bí ọtí.

Lọ́jọ́ kan mo kà pé epo rọ̀bì ti gbówó lórí, mo sì ń bá tèmi lọ. Ìyá Síkírù dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ìyàwó, kí ló kan òwú mi nínú ìyẹn?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bí ìwọ tó kà á kò bá mọ̀ ọ́n, o kò tíì kà á." Ní ọjọ́ kejì mo lọ bi ọ̀gá ilé ìwé wa, wọ́n ṣàlàyé fún mi pé epo ni ọkọ̀ tó ń gbé òwú wá ń mu, epo náà ni ẹ̀rọ tó ń ran án ń jẹ. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Síkírù mi orí, wọ́n ní, "Ó yé mi wàyí. Mo gbọ́dọ̀ tètè ra ọjà pamọ́."

Àbẹ̀kẹ́, mú èyí dání ṣáájú. Kò sí ìròyìn kan lágbàáyé tí kò ní ibi tó ti kan ẹni tó ń ta òwú. Bí o kò bá tíì rí ibẹ̀, má tíì kà á. Má sì fi Yorùbá gígùn bo ohun tí kò yé ọ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o bá lóye dénú, ẹnu ìyá rẹ àgbà ni wàá ti bá Yorùbá rẹ̀.

Ó wù mí kí n sọ pé mo kọ́gbọ́n níbẹ̀. N kò kọ́ ọ. Adùn ẹnu wọ̀ mí lẹ́wù. Mo ti rí i pé bí mo bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, àwọn èèyàn á sún àpótí wọn mọ́ mi. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ nígbà kan pé òṣùpá yóò bo ojú òòrùn ní ilẹ̀ kan tó jìnnà réré. Èmi fi kún un pé kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ìyá mẹ́ta ní agboolé yìí kò jẹ́ kí ọmọ wọn jáde lọ sílé ìwé. Òòrùn ràn títí ó fi wọ̀. Wọ́n fi mí ṣẹ̀rín, ó parí síbẹ̀. Ì bá dára ká ní wọ́n bá mi wí ni. Ohun tí a bá fi rẹ́rìn-ín, a kì í tètè fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an, òjò ti rọ̀ ní ọ̀sán. Mo pẹ́ nílé ìwé, mo gbé ìkòkò kaná, mo ní kí n yára kà á kí n padà sídìí oúnjẹ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Mo ka iwájú, mo ṣí i dé ojú ìwé kẹta, mo rí ọ̀rọ̀ kékeré kan nísàlẹ̀: ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń ti ìhà ilẹ̀ adúláwọ̀ bọ̀ ti rì nínú ìjì, wọn kò sì rí ẹnì kan yọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ náà bọ́ sí ìparí ìlà. Ìlà náà tán síbi M, A, R, T, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ Mátà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyókù orúkọ wà ní ìlà tó tẹ̀ lé e. Ojú mi kò dé ìlà yẹn. Ẹnu mi ti parí orúkọ náà. Mo ní, "Sẹ́ńtì Mátà."

Ìyá Síkírù dìde dúró, wọ́n sì tún jókòó bí ẹni pé ẹnì kan tì wọ́n lulẹ̀. Igbe ta. Bàbá Àgbà na ọwọ́ síhà ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, tún ìlà yẹn kà." Mo gbọ́ wọn. N kò tún un kà. Ó dá mi lójú, mo sì ti ń sunkún. Ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ẹrẹ̀, àwọn tó ń sáré kọjá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Wọ́n ṣọ̀fọ̀ Síkírù. Àwọn Àlùfáà wá gbàdúrà, wọ́n ṣe sàárà. Ìyá Síkírù kó aṣọ ọmọ wọn jáde, wọ́n sì pín in fún àwọn aláìní pátápátá. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń bá wọn gbé omi, mò ń bá wọn ṣe àlejò, gbogbo ènìyàn sì ń sọ pé mo ṣèèyàn. Oyún oṣù mẹ́fà wà lára Rámátù nígbà náà. Kò jẹun, kò sùn. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ náà kò yè. Ọkùnrin ni.

Ọkàn Bàbá Àgbà kò balẹ̀. Ìlà tí n kò tún kà ń dà wọ́n láàmú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n ní kí bàbá rẹ lọ bá wọn wá irú ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn ní Gbági. Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń to ìwé tirẹ̀ jọ fún un ní ọ̀kan. Bàbá Àgbà pè mí wọ yàrá, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Fi ìka rẹ sábẹ́ ọ̀rọ̀, kí o máa tọ̀ ọ́ lọ."

Mo fi ìka sí i. Mo dé M, A, R, T. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì. I àti N ni mo bá níbẹ̀. Sẹ́ńtì Mátíìnì. Ọkọ̀ mìíràn ni, ọmọ ọlọ́mọ ló kú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Síkírù.

Bàbá ní, "Kí lo rí?"

Àbẹ̀kẹ́, òótọ́ ni n ó sọ fún ọ: ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé kí n dákẹ́. Mo rò ó pé láìpẹ́ lẹ́tà Síkírù yóò dé, wọn á sì rò pé ìwé ìròyìn ló purọ́. Kò ní sí ẹni tó máa mọ̀. Bàbá Àgbà tó fọ́jú nìkan ló wà lọ́dọ̀ mi, àwọn gan-an kò sì lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, èmi ni mo ṣì í kà."

Wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní, "Dìde. Ibi tí o ti tú u sílẹ̀ ni wàá ti kó o jọ." Wọ́n ní kí wọ́n pe gbogbo ẹni tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá, kí Ìyá Síkírù àti Rámátù náà bọ́ síta. Mo dúró níwájú wọn, mo ka ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì sọ ohun tí mo ṣe. Ìyá Síkírù dojúbolẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Rámátù kò dúpẹ́. Ó wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n kọ orúkọ yẹn kedere síbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n kọ ọ́ kedere."

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kà á?"

Títí di òní, n kò rí èsì fún un. Bí mo bá ní mo ń kánjú ni, ìkòkò ọbẹ̀ ni mo ń kánjú sí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ ní òwe yìí láti kékeré. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ti rí ẹyin náà nílẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú, orúkọ ọkọ̀, fi ìka sábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí o yára nítorí ilé iṣẹ́ kejì fẹ́ ṣáájú yín, jẹ́ kí wọ́n ṣáájú. Bí o bá sì ṣì í sọ, má fi àtúnṣe rẹ̀ pamọ́ sí ìparí níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fetí sí i. Gbé e síwájú, ní ohùn tí o fi sọ àṣìṣe náà. Ìtìjú rẹ̀ kò ju ọjọ́ kan lọ.

Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, mo wà nínú ilé, mo gbọ́ ohùn Ìyá Síkírù lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́tà Síkírù ti dé. Ẹ̀rù bà mí láti gbà á. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹlòmíràn kà." Wọ́n ní, "Ta ni n ó gbé e fún? Ìwọ nìkan lo mọ ohun tí ìkánjú ń ṣe." Mo kà á fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta.

Síbẹ̀, ẹ̀rù yẹn sọ mí di ẹlòmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìròyìn tó korò pamọ́. Ti ìyàwó tí ọmọ ọba gbé ní ìlú òyìnbó àti ti bọ́ọ̀lù ni mo ń kà. Ní ọ̀sẹ̀ kan, mo rí i nínú ìwé pé wọ́n máa fẹ títì tó gba iwájú wa, wọ́n sì ní kí gbogbo ẹni tó ní àtíbàbà lẹ́bàá rẹ̀ kó o kúrò. Mo rò ó pé bóyá kò ní ṣẹlẹ̀, mo sì ní kí n má dá ìpayà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ṣí i kọjá. Nígbà tí katakata tó ń wó àtíbàbà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Síkírù wà nídìí ọjà. Wọn kò fara pa, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n òwú ọdún kan wọ inú ẹrẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé mo ti mọ̀. Wọ́n ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ọjọ́ méjì péré ì bá tó mi."

Ìyẹn dùn mí ju ti ìṣáájú lọ ní ọ̀nà kan, nítorí àánú ni mo pè é. Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn tó ń gbọ́ ọ. Wọ́n dàgbà. Bí ìròyìn bá korò, sọ ọ́ ní ohùn tútù, sọ ohun tí a mọ̀, sọ ohun tí a kò tíì mọ̀, kí o sì sọ ohun tí èèyàn lè ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, fi í lé wọn lọ́wọ́.

Ó ku àwọn nǹkan wẹ́wẹ́. Àwọn olóṣèlú yóò mọ orúkọ rẹ. Wọ́n á máa kí ọ ní "ọmọ wa", wọ́n á sì fi aṣọ ránṣẹ́ nígbà ọdún. Dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o tó wò ó bóyá ó dára, torí bí o bá ti wò ó, yóò ṣòro. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni: bí o bá gbọ́ ti ẹgbẹ́ kan, wá ti èkejì kí o tó jókòó kọ̀wé. Bí ogun bá wà ní ìlú tí a kò mọ ibi tó wà, má ka iye òkú wọn bí ẹni ń ka iye iṣu. Wọ́n ní ìyá. Máa mu omi gbígbóná kí o tó kàwé, má jẹ àkàrà tó tutù lówùúrọ̀, ó ń dí ọ̀nà ọ̀fun. Wá ṣọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ ilé. Bí ọkùnrin kan bá sì ní ohùn rẹ ló mú òun fẹ́ràn rẹ, jẹ́ kó kọ́kọ́ rí ọ lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn mú ọ.

Mo ti fi èlùbọ́ àti ata gígún rán awakọ̀ kan náà. Aṣọ òtútù rẹ wà nísàlẹ̀ àpò.

Kí n tó mú kálámù, mo lọ bá Rámátù, nítorí ìtàn yìí jẹ́ tirẹ̀ ju tèmi lọ. Síkírù padà wálé lọ́dún kejì, o mọ̀ pé mẹkáníìkì ló ń ṣe ní Mólété báyìí, Ọlọ́run sì fi Wàsíù àti àwọn àbúrò rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n èmi àti Rámátù kò tíì sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn láàárín ara wa láti ìgbà náà. Mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ tó sá. Mo sọ iṣẹ́ tí o rí fún un. Inú rẹ̀ dùn, ó gbàdúrà fún ọ tọkàntọkàn. Mo wá ní mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sí ọ, bí ó bá gbà mí láyè.

Ó ká aṣọ méjì kó tó dáhùn. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́. Ẹ má yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀."

Mo ní, "Rámátù, ṣé inú ṣì ń bí ọ sí mi?"

Ó ní, "Ó ti pẹ́ tó tán, Tíṣà. Àmọ́ bí mo bá ń gbọ́ rédíò, tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ àwọn tí nǹkan ṣe, mi ò kì í lè mí títí wọ́n á fi dárúkọ tán. Ẹ bá mi sọ fún Àbẹ̀kẹ́ kó má sáré níbẹ̀."

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi. Ní àárọ̀ tí o bá kọ́kọ́ kàwé, èmi àti òun la ó jọ jókòó gbọ́ ọ. Kí Ọlọ́run fi òótọ́ sí ọ lẹ́nu, kí ó sì fún ọ ní sùúrù láti rí i dé ìparí ìlà.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o máa ṣe jẹ̀ẹ́jẹ̀ẹ́.